Ẹnu Ibodè Tó Fì Sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Lübeck, àti Ilé Wa ní Ẹdẹ

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Òkè Gàdà,
                                        Ẹdẹ,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Azeemah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

A kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn báyìí, àbí wọ́n ṣì ń fi ìdí wọ́ kiri? Ìyá wa tó wà lọ́dọ̀ rẹ ní Mínná ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bá mi kí wọn lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ kú ooru ibẹ̀ yẹn, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìróorun sùn.

Mo mọ̀ pé o ń bínú sí mi. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi nínú oṣù kẹrin lo ti ń retí ìwé, ohùn orí fóònù ni mo sì ń fi ránṣẹ́ sí ọ, èyí tí o ní Ìyá kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ. O ní kí n jókòó kí n kọ ọ́ sórí bébà bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ girama, kí o lè kà á sí wọn létí. Ó dáa, mo ti jókòó. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn kí wọ́n fara balẹ̀ o, nítorí inú mi ń dùn débi pé mo lè fò sókè, inú sì ń bí mi débi pé mo lè fọ́ àwo, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ayọ̀, kí ìbínú má bàa gba gbogbo bébà. Azeemah, kí ló dé tí ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú wa wọlé ọkọ kò sọ fún mi pé báyìí ló ṣe ń dùn? Ayọ̀bámi á ti ibi iṣẹ́ bíríkìlà rẹ̀ dé, sìmẹ́ńtì á kún irun rẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pe orúkọ mi bí ẹni pé ọdún mẹ́wàá ni kò rí mi. Lọ́jọ́ Sátidé, òun ló ń dín dòdò. Ó máa ń jóná o, àmọ́ òun ló ń dín in. Nígbà mìíràn tí mo bá jí, tí mo rí fìlà rẹ̀ lórí ìṣó, èmi nìkan á kàn bú sẹ́rìn-ín.

O mọ ilé tí a ń gbé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá-bàbá rẹ̀ kọ́ láyé tí kòkó ń pawó. Alámọ̀ ni, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Àwa wà lókè. Màmá Comfort, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wà nísàlẹ̀. Ilé náà ti fì díẹ̀ sí apá títì, ògiri iwájú sì sán láti òkè wá sílẹ̀. Èyí ni àbúrò bàbá ọkọ mi, Bàbá Adébísí tí wọ́n ń gbé ní Sekona, rí dì mú. Kí a tó ṣègbéyàwó ni wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé kí a wó o, kí a fi ojú títì kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti dá ìpàdé mọ̀lẹ́bí sí oṣù keje. Bí ìpàdé bá ti fọwọ́ sí i, ó parí: katakata tí wọ́n fi ń wó ilé á dé, wọ́n á kó Màmá Comfort lọ bá ọmọ wọn ní ìlú Ara, níbi tí wọn kò ti ní ọ̀rẹ́ kankan, yàrá tí wọ́n mú mi wọ̀ ní ìyàwó á sì di òkìtì amọ̀. Ẹrù yìí ló wà lọ́kàn ọkọ mi nígbà tí a ń jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, n kò sì mọ̀.

Nínú oṣù kẹfà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Jámánì ní kí a wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àwọn, pé ẹ̀bùn ìgbéyàwó wa nìyẹn. Ìwọ mọ̀ wọ́n sí Ṣadé. Èmi kò lè pe orúkọ wọn mọ́ o, ìyàwó ilé ni mo jẹ́. Eyínfúnjowó ni mò ń pè wọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín tẹ̀rín. Lübeck ni orúkọ ìlú tí wọ́n ń gbé. Ìlú èbúté ni, ó ti pẹ́ gan-an, omi sì yí àárín ìlú àtijọ́ ká bí ìgbà tí ènìyàn fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Láti òkèèrè ni o ti máa rí ṣóńṣó orí ilé ìjọsìn méje tó yọ sókè. Bíríkì pupa tí wọ́n sun nínú iná ni wọ́n fi kọ́ ohun gbogbo, láti ilé Ọlọ́run dé ilé ìpamọ́ ẹrù. Ayọ̀bámi kò lè rìn bí ènìyàn. Gbogbo ògiri ló ń fọwọ́ pa lára, ó ń kí wọn bí ẹni tó rí ẹbí. Mo ní, "Olówó orí mi, ṣé èmi lo mú wá ṣe fàájì ni àbí bíríkì?" Ó ní kí n má bínú, ó tún yà sídìí òmíràn.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ni ilé tí Eyínfúnjowó ń gbé ló mú wa kiri. Bíríkìlà lòun náà kó tó fẹ̀yìn tì, nígbà tí ó sì gbọ́ pé bíríkìlà ni ọkọ mi, ojú rẹ̀ là. Èdè wọn ló ń sọ, Eyínfúnjowó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ẹnu ibodè ìlú ni a kọ́kọ́ lọ wò. Holstentor ni wọ́n ń pè é. Ilé ìṣọ́ ńlá méjì ni, roboto bí àká, orí wọn rí ṣóńṣó, ọ̀nà sì gba àárín wọn kọjá. Mo wò ó, mo nu ojú, mo tún wò ó. Azeemah, ó fì! Apá kan ti rì sínú ilẹ̀, àwọn méjèèjì sì fẹ́ forí ti ara wọn bí ọ̀mùtí méjì tó ń ti ibi ìnáwó bọ̀. Eyínfúnjowó ní kí a gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo dúró gbagidi.

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀gbẹ́. Oṣù méjì péré ni mo tíì lò nílé ọkọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ìyàwó, ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tó ti wà báyìí. Ṣé ìwọ ló ń dúró dè ni?"

Ọkọ mi ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó fa okùn ìwọ̀n rẹ̀ yọ, èyí tí wọ́n so irin mọ́ nídìí. Ọkùnrin yìí gbé okùn ìwọ̀n lọ síbi fàájì ìyàwó tuntun! Ó na ọwọ́ sókè níwájú gbogbo ayé, ó di ojú kan, ó sì ń wo bí ilé ìṣọ́ náà ṣe yà kúrò lára okùn. Àwọn òyìnbó tó wá ya fọ́tò ẹnu ibodè yí kámẹ́rà padà, òun ni wọ́n ń yà. Bàbá onílé sún mọ́ ọn, ó di ojú kan bíi tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì dúró síbẹ̀ láìgbọ́ èdè ara wọn.

Ibẹ̀ ni bàbá náà ti sọ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bí mi nínú. Ó ní nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì, nítorí ilẹ̀ àbàtà ni. Ó ní ní nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn, àwọn ará ìlú fúnra wọn jókòó láti wó o. Wọ́n ní ó ti gbó, ó ti fì, ó ń dínà. Wọ́n dìbò sí i, ìbò kan ṣoṣo ni àwọn tó ní kí ó dúró fi ju àwọn tó ní kí a wó o lọ.

Ara mi bù máṣọ. Ìbò kan! Bí ẹni yẹn bá jí lọ kí àna rẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Bí inú bá ń run ún ńkọ́? Ohun tí gbogbo ayé ń wọ ọkọ̀ òfurufú wá wò lónìí, ènìyàn kan ṣoṣo ló gbà á kalẹ̀! Mo wo ọkọ mi, ó wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ti ìpàdé oṣù keje fún mi, pé ó ṣeé ṣe kí a dé bá ìdájọ́ ilé. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo bínú sí i fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì ra ìpápánu kan fún mi tí wọ́n fi èso álímọ́ńdì àti ṣúgà ṣe, òun ni ìlú náà lókìkí fún. Ó dùn jù. Mo jẹ mẹ́ta, ìbínú mi sì kúrò lọ́dọ̀ ọkọ mi, ó lọ sí Sekona.

Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sára ẹnu ibodè náà pẹ̀lú lẹ́tà aláwọ̀ góòlù. Eyínfúnjowó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìrẹ́pọ̀ kí ó wà nínú ilé, àlàáfíà kí ó wà lóde. Ayọ̀bámi ní, "Wọn ò tíì dé ìpàdé mọ̀lẹ́bí wa."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ilé tí wọ́n ń kó iyọ̀ sí láyé àtijọ́ wà, wọ́n dúró létí odò, ojú wọn sí omi. Wọn kò kó iyọ̀ síbẹ̀ mọ́, wọn kò sì wó wọn. Mo tún bínú. Gbogbo ibi tí a bá dé ni inú ń bí mi, ọkọ mi wá ń pè mí ní Ìyá Oníbìínú níwájú àlejò.

Ọjọ́ kejì, a lọ sí ilé ìjọsìn Màríà Mímọ́. Azeemah, àjà ibẹ̀ ga débi pé bí mo ṣe gbójú sókè ni gèlè mi bọ́ sílẹ̀. Ní igun kan, mo rí agogo ńlá méjì nílẹ̀, wọ́n ti fọ́ yángá, irin gígùn kan sì sé ibẹ̀. O mọ bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹdẹ: bí ohun kan bá bàjẹ́, wọ́n á gbé e síwájú kí gbogbo ìjọ lè máa rí i, kí ọkàn wọn lè rú sókè láti tún un ṣe. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà sókè pé kí Olúwa dìde fún ìjọ yìí, mo sì na ọwọ́ gba orí irin náà, mo fi ọrẹ mi sáàárín àfọ́kù agogo.

Ìyá kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré wá. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni! Ó yọ owó náà jáde, ó dá a padà fún mi, ó nawọ́ sí àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà. Inú bí mi. Mo ní kí Eyínfúnjowó bá mi sọ fún un pé kò dáa kí agogo Ọlọ́run máa wà nílẹ̀ báyìí, pé nílé wa a kì í fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ohun mímọ́, àti pé kí wọ́n gbé e dìde. Eyínfúnjowó kò túmọ̀ rẹ̀. Bàbá onílé ló ṣàlàyé. Nígbà ogun, ní ọdún 1942, ní òru tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́ mọ́ di ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, bọ́ǹbù bọ́ sórí ìlú náà. Iná jó ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn agogo náà já wálẹ̀ láti òkè. Ibi tí wọ́n já sí gan-an ni wọ́n wà títí di òní. Wọn kò kó wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà. Ojú tì mí, mo sì sunkún díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, mo sọ fún ọkọ mi pé, "Àfọ́kù ni àwọn wọ̀nyí ń tọ́jú. Odindi ni bàbá rẹ ti Sekona fẹ́ wó."

Ohun tó ṣe wá láǹfààní jù, kò sí nínú ohun tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń yà. Lẹ́yìn àwọn ilé ńlá, àwọn ọ̀nà tóóró kan wà tí o máa bẹ̀rẹ̀ kí o tó wọ̀, wọ́n ní bí pósí bá ti lè gba ibẹ̀ kọjá, ó ti fẹ̀ tó. Nínú lọ́hùn-ún ni àwọn ilé kéékèèké wà, òdòdó lẹ́nu ọ̀nà wọn. Lára ògiri ọ̀kan tó sán, mo rí nǹkan funfun kan tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n rẹ́ ẹ mọ́ ojú ibi tó sán, wọ́n kọ déètì sí i lára. Ọkọ mi béèrè ohun tó jẹ́.

Bàbá náà ní, "Ilé tó fì kì í ṣe ilé tó ń wó. Ìbéèrè kan ló wà: ṣé ó ṣì ń rìn? Bí ó bá ń rìn, nǹkan funfun yìí á ya. Bí kò bá ya, ilé ti jókòó nìyẹn."

Ayọ̀bámi ní kí Eyínfúnjowó bá òun béèrè bí wọ́n ṣe ń pò ó.

A dé Ẹdẹ ní ìparí oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù keje, ìpàdé jókòó nísàlẹ̀ nínú pálọ̀ Màmá Comfort. O mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í dá sí ìpàdé ọmọ ilé. Omi ni mò ń gbé kiri, etí mi sì ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi fi fọ́tò ẹnu ibodè hàn wọ́n. Bàbá Adébísí gba fóònù, wọ́n wò ó, wọ́n ti ọrùn sẹ́yìn.

"Ẹ wá wo nǹkan. Wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Jámánì, ògiri tó tẹ̀ ni wọ́n lọ yà bọ̀! Ṣé ògiri tó tẹ̀ wọ́n ní Ẹdẹ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní bóyá kò sí ilé onígíláàsì níbẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní ilé òyìnbó tó kù díẹ̀ kí ó wó ni wọ́n fi hàn wá. Mo fi ife omi lélẹ̀ gbàgà, Màmá Comfort wò mí, mo sì tún gbé e.

Ayọ̀bámi dọ̀bálẹ̀. Ó ṣàlàyé nǹkan funfun náà, ó pè é ní èdìdì. Ó ní òun á fi ọ̀kan sára ògiri iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí gbogbo ayé á ti máa rí i. Kí ẹbí fún òun ní àkókò òjò kan ṣoṣo. Bí èdìdì bá ya, òun fúnra òun ni yóò kọ́kọ́ gbé òòlù. Bí kò bá ya títí di oṣù kẹwàá, kí wọ́n jẹ́ kí ilé náà wà, òun á fún ìpìlẹ̀ rẹ̀ lókun. Màmá Comfort ní àwọn fara mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun kò fara mọ́ ohun tí Màmá fara mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló po sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, ó sì rẹ́ èdìdì iwájú. Ibi tí ògiri náà sán gba inú yàrá wa lókè kọjá, níbi orí ibùsùn, níbẹ̀ ló sì ti fẹ̀ jù. Ó fi ìyókù rẹ́ èkejì síbẹ̀, pé kí òun lè máa wò ó ní àràárọ̀. Àwa méjèèjì la mọ̀ nípa rẹ̀. Ta ni ìbá tún mọ̀? Yàrá ìyàwó tuntun ni.

Òjò ọdún yìí kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ó rọ̀ ní oṣù keje, ó rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án bí ẹni pé wọ́n fi san gbèsè. Odò Ọ̀ṣun kún. Bí ọkọ mi bá jí, èdìdì ló ń kọ́kọ́ wò kó tó kí mi. Mo ní kí ó jẹ́ kí a mọ ẹni tó gbé níyàwó nínú wa. Òkè kò ya, ìsàlẹ̀ kò ya.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí, ni ìpàdé kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, Bàbá Adébísí ti Sekona wá, wọ́n ní àwọn wá kí Màmá. Wọ́n jẹ iyán mi, wọ́n bu omi sí i, wọ́n yìn mí, wọ́n lọ. Nígbà tí ìpàdé jókòó, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ̀yin ará ilé, kí a má fi àkókò ṣòfò. Èdìdì ti já. Ẹ jáde lọ wò ó."

Gbogbo wa jáde. Lóòótọ́ ló ti já. Ìdajì rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àfọ́kù náà, ó fi ìka tọ ojú ògiri, mo sì rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Azeemah, èmi tí kì í ṣe bíríkìlà rí i! Bí ilé bá rìn, èdìdì á ya ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Èyí fọ́ láti ẹ̀gbẹ́, ojú òòlù ṣì hàn lára ògiri bí ẹni tó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé bàbá òun parọ́? Ọkọ mi gbórí sílẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ pé, "Ó ṣe o, Ayọ̀bámi, o gbìyànjú." Ẹnìkan ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí katakata. Màmá Comfort jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú.

Omijé tí mo rí yẹn ló mú kí n gbàgbé pé ìyàwó ilé ni mí. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo yàrá mi."

Ìyá Adébísí, ìyàwó bàbá ti Sekona, ní, "Kí lẹ ní ọmọ yìí wí? Ìyàwó tó ń pe ìdílé ọkọ wọ yàrá?"

Mo ní, "Kí gbogbo yín wá, Màámi. Ẹ dákun."

Wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá Comfort ló ṣáájú, ọkọ mi ń tì wọ́n lẹ́yìn. N kò tíì tẹ́ ibùsùn o! Àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi wà lórí okùn! Mo fa ibùsùn kúrò lára ògiri, ó sì wà níbẹ̀, funfun, odindi, déètì ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù keje ní ìkọ̀wé ọkọ mi, kò ya bí irun. Màmá Comfort fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá Adébísí dà?"

Wọ́n wà ní ìta lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kì í wọ yàrá ìyàwó ọmọ mi. Kò bójú mu."

Màmá Comfort ní, "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ti ibí yìí kò fi fọ́."

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ka ọwọ́. Ọwọ́ mẹ́sàn-án ní kí ilé dúró, ọwọ́ méjì ní kí ó wó. Mo fò mọ́ ọkọ mi lọ́rùn níwájú wọn, ìyẹn náà kò bójú mu.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí nìyí: kò sí ẹni tó béèrè ẹni tó fọ́ ti ìta. Wọ́n ní kí a fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Kí ló dé tó jẹ́ pé ohun tó bá ti kan àgbà ni a ń fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, tí ohun tó bá kan ọmọdé á sì gba ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀? Ká ní ọkọ mi ló fọ́ ọ, ṣé Ọlọ́run ni wọn ì bá fi sílẹ̀ fún? Àná ni Bàbá Adébísí tún wá, wọ́n ní iyán ọjọ́sí dùn. Mo gún un. Mo kúnlẹ̀ gbé e fún wọn. N kò bu ẹran sí i.

Ayọ̀bámi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó ń kọrin, erùpẹ̀ kún gbogbo ilé. Màmá Comfort kò lọ sí Ara mọ́. Ara ló ń wá bá wọn. Ìròyìn ti tàn kálẹ̀, gbogbo ẹbí tí kò wá síbi ìgbéyàwó wa ló ń wá wo èdìdì báyìí. Láti Ara, láti Sekona, wọ́n á kí Màmá tán, wọ́n á gun òkè wá, wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Èmi ìyàwó tuntun kò lè sùn ọ̀sán nínú yàrá mi! Mo ní kí ọkọ mi ra kọ́kọ́rọ́, Màmá Comfort ní kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn. Lánàá, ènìyàn mẹ́sàn-án ló wá. Ìyá kan nínú wọn béèrè bóyá òun lè jókòó sórí ibùsùn kí wọ́n ya fọ́tò òun pẹ̀lú èdìdì. Mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ dáadáa, fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi, kí o sì sọ fún Ìyá pé mo ti fi ìpápánu álímọ́ńdì tiwọn pa mọ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Mínná ni mo ń wá. Ayọ̀bámi ní kí n kí yín, ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló wà létí bébà yìí.

Èmi ni tìrẹ tayọ̀tayọ̀, bí inú tilẹ̀ ṣì ń bí mi,

Fọláhànmí